Ohun Tó Ń Gbé Ẹsẹ̀ Padà

Kò ṣẹ́ bí igi. Kò tilẹ̀ pariwo.
Àwa mẹ́ta la wà lórí pèpéle gbọ̀ngàn Glace Bay,
à ń lu ijó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn àgbà,
ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lọ sílẹ̀,
kò sì sí ohun tó gbé e padà wá.
Murdoch tó ń ta gòjé òyìnbó bojú wẹ̀yìn,
ó wò mí bí ẹni tí wọ́n yọ àga lábẹ́ rẹ̀.

Sípíríǹgì ti já sí méjì.
Awọ tó so pátákó ẹsẹ̀ mọ́ òòlù ti sán.
Bàbá mi ló ni pẹ́dàlì yìí kó tó di tèmi.
Ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ ti kógbá wọlé
kí ẹsẹ̀ mi tó gùn tó kan ilẹ̀ lórí àga ìlù;
nínú orúkọ tí wọ́n fín sára irin, lẹ́tà mẹ́ta ló kù.

Mo kó o sínú àpò búrẹ́dì, mo gbọ̀nà.
Ọmọ tó ń ta ohun èlò orin ní ìlú kejì ní,
"Ìyá, tuntun wà. Ẹlẹ́ṣéènì méjì. Kò wọ́n."
Mo ní tuntun kọ́ ni mo bá wá.
Ó gba sípíríǹgì náà, ó yí i lọ́wọ́,
bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn di eyín òkú mú.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe fún mi ní ti abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́:
ó le ju ọkàn olówó èlé lọ.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó tì mí padà, orúnkún mi ké.
Ti ilé adìyẹ àwọn Gillis rọ̀ jù,
ìlù ń dáhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tán.
Níbi tí wọ́n ń tú ọkọ̀ àlòkù, ajá gbó mi,
onítọ̀hún ní kí n padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè.
Mo padà lọ. Yìnyín ti bo gbogbo rẹ̀,
ajá nìkan ló wà nílé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Effie Boutilier pè mí.
Ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ohùn bí ṣùgà jíjó.
"Verna, mo gbọ́ pé o ń wá ẹsẹ̀ kiri."

Ó gé awọ fún mi lára bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó gbé sípíríǹgì tó já sábẹ́ iná,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Èyí kì í ṣe ti pẹ́dàlì láéláé.
Bàbá rẹ bínú sí Wilfred lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́,
ó fi ẹsẹ̀ gbá ti àkọ́kọ́, ó fọ́.
Wilfred kò bá a jà. Ó kàn wọ ilé ìdáná mi,
ó yọ ọ̀kan lára ilẹ̀kùn."

Mo wo ilẹ̀kùn àwọ̀n náà.
Ìkọ́ méjì lókè, sípíríǹgì kan ṣoṣo.
Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n: kì í padé tán,
a máa ń fi bàtà tì í kí ẹ̀fọn má bàa wọlé.
N kò bèèrè ìdí rẹ̀ rí.

Effie gun àpótí kí n tó dá a dúró.
Ó yọ èkejì, ó fi lé mi lọ́wọ́,
ó tutù, ó ní ọ̀dà funfun díẹ̀ lára.

Ní Sátidé, ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀. Ó padà wá.
Ó lọ. Ó padà wá. Murdoch kò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Mo ra sípíríǹgì tuntun méjì fún ilẹ̀kùn Effie,
owó wọn kò tó ti búrẹ́dì.
Ó ṣí i, ó jọ̀wọ́ rẹ̀: gbà!
Ó tún un ṣe. Gbà!
Ó mi orí. "Ó dáa," ó ní,
"àmọ́ ó ń sáré ju orin lọ."